Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ọjọ́ Ọmọ Tó Ń Ṣe Girama Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Lẹ́tà tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀, ti òbí ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn kan ń gbé ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìjọba ìpínlẹ̀ míì ti dá irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn mìíràn wà ní Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, tí wọ́n ń sanwó fún ilé-ẹ̀kọ́ òkè òkun, tí ọmọ sì ń kàwé láti inú ilé. Florida Virtual School, tí wọ́n ń pè ní FLVS, la fi ṣe àpẹẹrẹ ní ibi púpọ̀, nítorí pé ti ìjọba ni, ó ti wà láti ọdún 1997, ètò rẹ̀ sì jọ ti ọ̀pọ̀ àwọn yòókù.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi wà ní kíláàsì kẹwàá ní FLVS. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ló ń jí, tó bá sì fi máa di aago kan ọ̀sán, á ní òun ti parí. Ṣé ilé-ẹ̀kọ́ rèé? Kí ló yẹ kó máa ṣe láti àárọ̀? (Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Jacksonville, Florida)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ó lè jẹ́ pé òótọ́ ló ń sọ, ó sì lè jẹ́ pé ó ń fo iṣẹ́. Ọ̀nà wà tẹ́ ẹ lè gbà mọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo irú ètò tó wà nínú rẹ̀. FLVS ní méjì. Full Time ni ti ọmọ tó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀: ó ní ọjọ́ ìwọlé àti ọjọ́ ìparí bíi ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba yòókù, ibẹ̀ náà ni yóò ti gba dípúlómà. Flex ni ti ẹni tó ń mú kọ́ọ̀sì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó lè bẹ̀rẹ̀ nígbàkigbà nínú ọdún, olùkọ́ á bá òbí àti ọmọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì fún un ní àtẹ tó ń sọ iye iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nínú Flex, ọmọ ló ń yan wákàtí tó fẹ́ fi kàwé, àtẹ yẹn ló sì ń sọ bóyá ó ń ṣe dáadáa. Ẹ ní kó fi hàn yín lónìí.

Krẹ́díìtì 24 ni Florida ń béèrè kí ọmọ tó gba dípúlómà, kọ́ọ̀sì ọdún kan sì ni krẹ́díìtì kan. Ẹ pín in sí ọdún mẹ́rin, mẹ́fà lọ́dún nìyẹn, iye kan náà tí ọmọ tó ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé-ẹ̀kọ́ ń ṣe. Wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ sí mẹ́fà lóòjọ́ ló máa ń gbà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ. Kò sí bọ́ọ̀sì, kò sí pé à ń dúró kí kíláàsì dákẹ́, nítorí náà ó máa ń kúrú ju ti ilé-ẹ̀kọ́ lásán lọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé wákàtí mẹ́ta péré ni lójoojúmọ́ lórí kọ́ọ̀sì mẹ́fà, ohun tó sábà máa ń fà á ni pé ọmọ ń fo ojú ewé ẹ̀kọ́, ó ń lọ tààrà sídìí quiz, ó sì ń wá ìdáhùn lórí Google.

Ọjọ́ tó lọ déédéé máa ń rí báyìí. Kó jí ní aago 7:00, kó wẹ̀, kó wọṣọ, kó jẹun. Ẹ má fojú kékeré wo aṣọ wíwọ̀ yẹn: ọmọ tó bá wọ aṣọ oorun jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kò ní pẹ́ tún sùn lọ. Ní aago 8:00, kó jókòó sídìí tábìlì, kó ka ìkéde àwọn olùkọ́ àti ìwé tí wọ́n kọ sí i, kó wo kàlẹ́ńdà, kó sì fi bírò kọ iṣẹ́ mẹ́ta tí yóò parí lọ́jọ́ náà sórí ìwé. Ìṣẹ́jú 15 tó fún gbogbo ìyẹn. Láti 8:15 sí 9:30, èyí tó le jù ló kàn, bóyá Algebra tàbí Chemistry, nígbà tí ọpọlọ ṣì jí pépé. Kó ka ẹ̀kọ́ náà tán, kó kọ kókó rẹ̀ sínú ìwé, kó ṣe ìdánrawò tí kò ní máàkì, kó tó ṣí èyí tó ní máàkì.

Kó sinmi di aago 10:00. Lẹ́yìn náà, tí olùkọ́ kankan bá ní kíláàsì ojúkojú lọ́jọ́ yẹn, kó wọlé. Kíláàsì bẹ́ẹ̀ máa ń tó wákàtí kan. Olùkọ́ á máa kọ nǹkan sójú pátákó, àwọn ọmọ á máa fèsì nínú àpótí ọ̀rọ̀. Láti 11:15 sí 12:30, iṣẹ́ kejì. Oúnjẹ ọ̀sán. Láti 1:15 sí 2:30, iṣẹ́ kẹta. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ìpè sí olùkọ́, eré ìdárayá (kọ́ọ̀sì PE máa ń béèrè pé kí ọmọ kọ ohun tó ṣe àti ìṣẹ́jú tó fi ṣe é sílẹ̀), àti títún iṣẹ́ tí wọ́n dá padà ṣe.

Ẹ rí i pé iṣẹ́ mẹ́ta péré la dárúkọ. Ọmọ tó bá fọwọ́ kan kọ́ọ̀sì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lójúmọ́ kì í parí ọ̀kankan. Kó ṣe mẹ́ta ní ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú, mẹ́ta yòókù ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, kó fi ọjọ́ Ẹtì sílẹ̀ fún ìdánwò àti ohun tó bá ṣẹ́kù.

Báwo lẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò? Ẹ yé béèrè pé “ṣé o ti parí?” Ẹ ní kó ṣí ìwé máàkì, kẹ́ ẹ sì wo *ọjọ́* tó fi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kẹ́ ẹ tó wo iye tó gbà. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tó ń lo Canvas (ojú òpó tí ọmọ ti ń rí ẹ̀kọ́, iṣẹ́ àti máàkì rẹ̀), àpapọ̀ máàkì tí ojú ìwé kọ́kọ́ ń gbé jáde máa ń jẹ́ ti iṣẹ́ tí olùkọ́ ti máàkì nìkan. Ọmọ lè ní 95 nínú ọgọ́rùn-ún, kó sì jẹ́ pé iṣẹ́ mẹ́rin péré ló ṣe nínú mẹ́wàá. Àpótí kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ tó ní “Calculate based only on graded assignments”. Ẹ yọ àmì inú rẹ̀ kúrò, ojúlówó iye náà á sì hàn. Òbí púpọ̀ ni inú wọn ń dùn sí 95 yẹn títí di ìparí sáà.

Ohun kan ṣì kù tó máa ń dá ọmọ wa dúró ju ohunkóhun lọ: DBA, ìdánwò alẹ́nulò. Lẹ́yìn ìpín kọ̀ọ̀kan nínú kọ́ọ̀sì FLVS, ọmọ gbọ́dọ̀ bá olùkọ́ sọ̀rọ̀ lórí fóònù tàbí nínú yàrá orí íntánẹ́ẹ̀tì. Olùkọ́ á béèrè ohun tó kọ́, á ní kó ṣàlàyé bó ṣe dé ìdáhùn kan, yóò sì fi mọ̀ bóyá òun fúnra rẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ tó fi sílẹ̀. Ìwé kókó rẹ̀ lè wà níwájú rẹ̀. Ẹ̀rù ìpè yìí máa ń ba ọmọ, á máa sún un síwájú, àyè inú kàlẹ́ńdà olùkọ́ á kún ní ìparí sáà, kọ́ọ̀sì á sì dúró sójú kan. Nígbà tó bá ku ẹ̀kọ́ méjì kí ìpín parí ni kó ti gba àyè sílẹ̀. Ẹ tún ràn án lọ́wọ́ báyìí: nílé wa, a kọ́ ọmọ pé kó má ṣe sọ̀rọ̀ púpọ̀ níwájú àgbà. Ẹ sọ fún un pé lọ́dọ̀ olùkọ́ yìí, àlàyé gígùn kì í ṣe àfojúdi. “Bẹ́ẹ̀ ni mà” lásán ló máa ń jẹ́ kí olùkọ́ rò pé kò mọ nǹkan kan.

Ìbéèrè: Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ń ṣe ilé-ẹ̀kọ́ kan tó ń lo aago New York. Láti oṣù Kẹta ló ti ń pẹ́ dé kíláàsì, bẹ́ẹ̀ aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó ti ń jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà ló ṣì ń jókòó. Ìyá rẹ̀ sì ń sọ pé ọmọ tó wà nílé látàárọ̀ kò ṣiṣẹ́ ilé. (Bàbá kan, Bódìjà, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Aago Amẹ́ríkà ló yí, sà, tiwa kì í yí. Ní ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù Kẹta, wọ́n máa ń sún aago wọn síwájú ní wákàtí kan, wọ́n á sì dá a padà ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá. Nígbà òtútù wọn, wákàtí 6 la fi ṣíwájú New York. Nígbà ooru, wákàtí 5. Kíláàsì aago 10:00 àárọ̀ lọ́hùn-ún, tó jẹ́ aago 4:00 ìrọ̀lẹ́ ní Ìbàdàn nínú oṣù Kejì, ti di aago 3:00 ọ̀sán. Ti Houston jẹ́ wákàtí 7 nígbà òtútù àti 6 nígbà ooru. Ti California jẹ́ 9 àti 8. Ti Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ wákàtí kan nígbà òtútù, aago wa sì máa ń dọ́gba nígbà ooru, ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹta àti oṣù Kẹwàá ni tiwọn ń yí. Nítorí náà, ọmọ tó ní olùkọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù àti òmíràn ní New York á rí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta nínú oṣù Kẹta tí ọ̀kan ti yí tí èkejì kò tíì yí.

Má ṣe jẹ́ kí ọmọ máa fi orí ṣírò rẹ̀, sà. Nínú Canvas, kó lọ sí Account, lẹ́yìn náà Settings, kó tẹ Edit Settings, kó sì yan agbègbè aago tó jẹ́ ti Nàìjíríà, +01:00. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo àkókò ìfisílẹ̀ á máa hàn ní aago wa. Iṣẹ́ tí wọ́n ní kó wọlé kí aago 11:59 alẹ́ tó lù ní New York á fi ara rẹ̀ hàn ní 5:59 àárọ̀ ọjọ́ kejì nígbà òtútù, 4:59 nígbà ooru. Ewu kan wà níbẹ̀: ọmọ á rò pé òun ti rí òru gbà, á máa ṣiṣẹ́ di aago mẹ́rin ìdájí. Ẹ fi aago 9:00 alẹ́ ṣe òfin ìfisílẹ̀ nílé yín.

Ní ti iṣẹ́ ilé, ìyá wọn kò jẹ̀bi láti béèrè, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ jọ jókòó ṣètò ọjọ́ náà, nítorí pé òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ti pààrọ̀ ipò nínú ayé ọmọ yìí. Aago 7:00 sí 8:30 lè jẹ́ ti ilẹ̀ gbígbá, abọ́ fífọ̀ àti ìwẹ̀. Aago 9:00 sí 12:30 jẹ́ ti ìwé kíkà àti iṣẹ́ kíkọ, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń pè é. Kó jẹun, kó sinmi wákàtí kan. Kíláàsì ojúkojú á wá gba ìrọ̀lẹ́. Tí wọ́n bá rán an lọ ra ata ní aago 3:15, kíláàsì ni wọ́n mú un kúrò nínú rẹ̀. Ọmọ tó wà nílé kì í ṣe ọmọ tó ráyè, kí gbogbo ará ilé mọ èyí, títí kan àlejò. Ẹ lẹ àtẹ wákàtí rẹ̀ mọ́ ara ìlẹ̀kùn yàrá.

Wákàtí 8 sí 10 ni oorun tí ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò lóru. Ìdí nìyí tó fi yẹ kẹ́ ẹ wo aago ilé-ẹ̀kọ́ kẹ́ ẹ tó sanwó. Stanford Online High School, fún àpẹẹrẹ, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2006, ń lo aago California, kíláàsì ojúkojú sì ni ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kíláàsì aago 7:00 àárọ̀ wọn jẹ́ 4:00 ìrọ̀lẹ́ wa nígbà òtútù, ó sì dára. Ti aago 1:00 ọ̀sán wọn jẹ́ 10:00 alẹ́ wa. Níbi tí wọ́n bá ti fún ọmọ láyè láti yan, kó mú ti àárọ̀ kùtù wọn.

Ìbéèrè: Iná ò dúró lọ́dọ̀ wa, owó dátà sì ti ń wọ̀ mí lọ́rùn. Ìdánwò ti já mọ́ mi lọ́wọ́ rí láàárín méjì. Kí ni mo lè ṣe? (Akẹ́kọ̀ọ́, ọmọ ọdún 16, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Pẹ̀lẹ́ o. Jẹ́ ká mú dátà ṣáájú. Nínú kíláàsì Zoom, ohùn nìkan máa ń gba nǹkan bí kilobit 60 sí 80 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí kì í kọjá MB 36 ní wákàtí kan. Tí o bá gbọ́ ohùn, tí o sì ń wo ojú ìwé tí olùkọ́ gbé síta, MB 70 ló máa jẹ́ ní wákàtí kan. Ṣùgbọ́n tí kámẹ́rà gbogbo yín bá wà ní títàn, tí HD sì wà lórí rẹ̀, ó lè tó GB kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní wákàtí yẹn kan náà. Ká ní wákàtí méjì lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ìyẹn wákàtí 40 lóṣù: ti ohùn àti ojú ìwé á gba bíi GB 3, ti kámẹ́rà HD á gba GB 40. Nítorí náà, lọ sínú Settings, sí Video, yọ HD kúrò, kó o sì tẹ “Stop Incoming Video” nígbà tí olùkọ́ bá ń fi pátákó ṣàlàyé. Kọ ìwé sí olùkọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà pé nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kámẹ́rà rẹ kì í fi í tàn. Tó bá mọ̀ tẹ́lẹ̀, kò ní rò pé o sùn.

Olè dátà míì wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Tí kọ̀ǹpútà Windows bá rí Wi-Fi, kódà kó jẹ́ hotspot fóònù rẹ, á bẹ̀rẹ̀ sí í wa ohun tuntun wọlé láìsọ fún ọ. Tẹ orúkọ hotspot náà nínú Network settings, kó o sì tan “Metered connection”. Dá OneDrive, tó ń kó fáìlì rẹ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, dúró náà.

Ní ti iná: kà á lẹ́yìn router rẹ bóyá volt 9 ni tàbí 12, torí èyí tí kò bá a mu lè bà á jẹ́. Router kékeré sábà máa ń jẹ bíi watt 10. Power bank mAh 20,000 ní nǹkan bíi watt-wákàtí 74 nínú; lẹ́yìn ohun tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà, pẹ̀lú wáyà tó ń gbé volt 5 sókè sí 12, á gbé router náà fún wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún. Mini UPS tí wọ́n ṣe fún router rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kì í jẹ́ kó kú rárá nígbà tí wọ́n bá mú iná. Láptọ́ọ̀pù ni ọ̀rọ̀ míì. Power bank lásán kò lè gbà á. Èyí tó ní USB-C PD, tó ń gbé watt 45 tàbí 65 jáde, ni kó o wá, kí láptọ́ọ̀pù rẹ náà sì jẹ́ èyí tó ń gba iná láti ojú USB-C.

Wàyí o, ìdánwò. Nínú Canvas, aago ìdánwò kì í dúró nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já. O lè padà wọlé, àwọn ìdáhùn tó ti wọlé á ṣì wà, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú tó lọ ti lọ. Nítorí náà:

Má ṣí ìdánwò kankan tí bátìrì kò bá tó ìlọ́po méjì àkókò tí wọ́n fún ọ. Kí fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ pẹ̀lú dátà láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn, kí láptọ́ọ̀pù sì ti mọ hotspot rẹ̀ ṣáájú, kó o má wá máa wá password nígbà tí aago ń sáré. Ìdáhùn gígùn, tẹ̀ ẹ́ sínú Word tàbí Notepad ná, tí òfin ìdánwò bá gbà á, kó o tó lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Tó bá já pátápátá, fi fóònù ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà, kí aago hàn nínú rẹ̀, kó o sì kọ̀wé sí olùkọ́ nínú àpótí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ lójú ẹsẹ̀: nọ́ńbà ìbéèrè tó o dé, aago tó já, aago tó o padà. Olùkọ́ tó gba irú ìwé yìí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá máa ń rí ọ̀nà ṣí i padà. Èyí tó dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ṣòro fún un láti gbè lẹ́yìn.

Tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ń lo LockDown Browser (ètò tí kì í jẹ́ kó o ṣí nǹkan mìíràn lórí kọ̀ǹpútà nígbà ìdánwò), mọ̀ pé kì í ṣiṣẹ́ lórí fóònù. Fi í sórí láptọ́ọ̀pù ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kó o sì ṣe ìdánwò àfidánrawò tí wọ́n máa ń gbé síbẹ̀.

Ìbéèrè: Ojú ń dun ọmọ mi. Ṣé jíǹjìn ló yẹ kó jìnnà sí kọ̀ǹpútà ni? (Màmá, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Kí ojú kọ̀ǹpútà jìnnà tó apá kan nígbà tó bá nà án, kí etí òkè rẹ̀ má ga ju ojú ọmọ lọ, kí fèrèsé má ṣe wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Ní gbogbo ìṣẹ́jú 20, kó wo ohun tó jìnnà ní bíi mítà 6 fún ìṣẹ́jú-àáyá 20. Tí kò bá lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú.

Ìbéèrè: Mo fura pé AI ló ń bá ọmọ mi kọ essay. IGCSE, ìdánwò girama ti Bìrìtéènì, ló ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mi ò fẹ́ fi ẹ̀sùn kàn án lásán. (Ìyá kan, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù)

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ fẹ́ wádìí kẹ́ ẹ tó bínú. Ẹ ní kó máa kọ gbogbo essay nínú Google Docs, kẹ́ ẹ sì jọ ṣí File, Version history. Essay tí ọmọ fúnra rẹ̀ kọ máa ń dàgbà díẹ̀díẹ̀: gbólóhùn kan wọlé, wọ́n pa á rẹ́, wọ́n tún un kọ. Èyí tí wọ́n kó wá láti ibòmíì á balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí odindi. Ọ̀nà kejì kò gba kọ̀ǹpútà: tẹ́ ẹ bá ń jẹun alẹ́, ẹ ní kó fi Yorùbá ro ohun tí essay náà ń sọ fún yín. Ohun tó yé ọmọ, á lè sọ ọ́ ní èdè kejì, kódà tí Yorùbá rẹ̀ bá ń kọsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kó mọ ewu ibẹ̀ dáadáa. Ní Bìrìtéènì, ẹgbẹ́ àwọn àjọ ìdánwò, JCQ, ka iṣẹ́ AI tí ọmọ pè ní tirẹ̀ sí ìwà èrú, wọ́n sì lè fagi lé èsì rẹ̀. Inú gbọ̀ngàn ìdánwò ni yóò sì ti kọ ìwé IGCSE tó pọ̀ jù, pẹ̀lú bírò, láìsí fóònù tàbí íntánẹ́ẹ̀tì níwájú rẹ̀. Kó lo AI láti ní kó ṣàlàyé ohun tó ṣòro tàbí kó bi í ní ìbéèrè. Gbólóhùn inú iṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ tirẹ̀.

Ìbéèrè: Ọmọ ọmọ mi ní Florida kì í jáde nílé. Kọ̀ǹpútà nìkan ló mọ̀. Ṣé kò ní di ẹni tí kò lè bá èèyàn gbé? (Ìyá àgbà, Ilé-Ifẹ̀)

Ìdáhùn: Ẹ kú àdúrà lórí wọn, ẹ̀yin ìyá wa. Ohun tẹ́ ẹ sọ yìí ni àwọn òbí ọ̀hún kì í tètè rí. Òfin Florida fàyè gba ọmọ tó ń ṣe FLVS Full Time láti gbá bọ́ọ̀lù, sáré tàbí wọ ẹgbẹ́ mìíràn ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tó wà ní àdúgbò rẹ̀. Kí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ pe ilé-ẹ̀kọ́ náà kí àkókò eré tó bẹ̀rẹ̀, nítorí wọ́n máa ń béèrè fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò ara láti ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹ sọ fún wọn pé kí ọmọ náà ní ibì kan tó gbọ́dọ̀ lọ ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ó kéré tán, yálà pápá, ẹgbẹ́ akọrin ìjọ, iléekéwú tàbí ilé ìkàwé, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń retí rẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ ní kó máa fi fídíò pè yín ní wákàtí kan pàtó, kó sì máa ròyìn ohun tó kọ́ fún yín. Á jàǹfààní rẹ̀ nígbà DBA tí a sọ lókè.

Ìbéèrè: Tí ọmọ mi bá gba dípúlómà Amẹ́ríkà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣé UNILAG á gbà á? Ilé-ẹ̀kọ́ kan tún sọ fún mi pé ọ̀sẹ̀ méjì ni òun fi ń fúnni ní dípúlómà. (Bàbá, Ṣùúrùlérè, Èkó)

Ìdáhùn: Ẹ sá fún ti ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, sà. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń gba owó kan ṣoṣo, tó ń fúnni ní ìdánwò kan ṣoṣo tí èèyàn lè tún ṣe títí yóò fi yege, ìwé lásán ló ń tà. Èyí tó jẹ́ ojúlówó máa ń ní ìfọwọ́sí àjọ bíi Cognia, WASC tàbí Middle States. Ẹ lọ sí ojú ewé àjọ náà fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ wá orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Àmì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú ewé ilé-ẹ̀kọ́ kò tó ẹ̀rí.

Ní ti yunifásítì wa, krẹ́díìtì márùn-ún nínú O’Level, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, àti Ìṣirò fún ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì, ni wọ́n ń wò, lẹ́yìn náà JAMB. Ọ̀nà tó dájú jù ni kí ọmọ náà ṣe WASSCE àdáni, èyí tí gbogbo èèyàn ṣì ń pè ní GCE, tàbí ti NECO, pẹ̀lú dípúlómà rẹ̀. Kó wá àyè fún un nínú ọjọ́ rẹ̀ láti kíláàsì kẹwàá: ìṣẹ́jú 45 lójoojúmọ́ lórí ìbéèrè àtijọ́, torí Biology Amẹ́ríkà àti Biology WAEC kò fi ìbéèrè jọ ara wọn, ti WAEC sì máa ń béèrè nípa iṣẹ́ inú yàrá sáyẹ́ǹsì tí ọmọ orí íntánẹ́ẹ̀tì kò fọwọ́ kàn rí. Ẹ wá yàrá sáyẹ́ǹsì tí yóò ti ṣe titration, tí yóò sì ti wo nǹkan nínú microscope, ní oṣù mélòó kan ṣáájú. JAMB jẹ́ ìbéèrè 180 ní wákàtí 2: 60 ní Use of English, 40 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan iṣẹ́ mẹ́ta yòókù. Kọ̀ǹpútà kò ní ṣòro fún un; ìyára ló máa kọ́.

Ìbéèrè: Mo ń ṣe AP (kọ́ọ̀sì ipele yunifásítì tí wọ́n ń ṣe ní girama Amẹ́ríkà) méjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Níbo ni màá ti ṣe ìdánwò rẹ̀? Olùkọ́ mi ní kí n lọ wá ilé-ẹ̀kọ́. (Akẹ́kọ̀ọ́, kíláàsì kọkànlá, Maryland)

Ìdáhùn: Òótọ́ ni olùkọ́ rẹ sọ. Oṣù Karùn-ún ni ìdánwò AP, inú ilé-ẹ̀kọ́ gidi ni wọ́n ti ń ṣe é, ìwọ lo sì máa wá èyí tó máa gbà ọ́. Bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n nínú oṣù Kẹsàn-án, nítorí àárín oṣù Kọkànlá ni wọ́n máa ń ti ìforúkọsílẹ̀. Béèrè ẹni tó jẹ́ “AP coordinator”, sọ orúkọ ìdánwò rẹ, béèrè iye owó àti irú káàdì ìdánimọ̀ tí wọ́n ń gbà. Kọ́ọ̀dù tí yóò fún ọ ni wàá fi wọlé sínú ètò wọn. Kọ́ọ̀dù tí olùkọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọ wà lọ́tọ̀, má pa méjèèjì pọ̀. Púpọ̀ nínú AP ti di ti orí kọ̀ǹpútà báyìí nínú áàpù ìdánwò tó ń jẹ́ Bluebook, kì í sì í ṣiṣẹ́ lórí fóònù. Fi í sórí láptọ́ọ̀pù rẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ṣe ìdánrawò inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán, kó o sì parí ìmúrasílẹ̀ tó máa béèrè lọ́wọ́ rẹ ní ọjọ́ díẹ̀ kí ìdánwò tó dé. Lọ́jọ́ náà, gba iná sínú láptọ́ọ̀pù dé ọgọ́rùn-ún, mú ṣájà dání, kó o sì dé ibẹ̀ ní ààbọ̀ wákàtí ṣáájú, torí ilé-ẹ̀kọ́ tí o kò dé rí ni, wàá kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì kí wọ́n tó fi yàrá hàn ọ́.